Omi Tí Ìyá Olómi Fi Dán Wọn Wò

Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn mi ló sì gùn jù nígbà tó wà ní kékeré. Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹ pe orúkọ tí àwọn òbí wa sọ ọ́, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yóò wò yín títí, yóò sì ní òun kò mọ ẹni tí ẹ ń wá. Ìyá Olómi ni tọmọdé tàgbà wọn ń pè é.

Kì í ṣe pé ó ń ta omi o. Yàrá àyẹ̀wò ewé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń tọ́jú omi tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà: omi tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n tún ti sè, títí kò fi sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́ àfi omi. Ó máa ń sọ pé èyí tí àwa ń mu nílé kì í ṣe omi, pé ọbẹ̀ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ife omi wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀, mo wò ó, mo sì mu ún. Òùngbẹ kò mọ ìwé.

Ilé kan tó gùn bí ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń tún katakata ṣe. Yàrá méjì ni tiwọn níbẹ̀. Ọ̀kan ni wọ́n ti ń gba ewé lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tábìlì ibẹ̀ kì í sì í gbẹ. Èkejì ni a kì í fi bàtà ìta wọ̀. Fíríìjì méjì ń kùn níbẹ̀ bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun, ojú fèrèsé sì wà ní títì nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Tòmátò ni iṣẹ́ wọn dá lé. Àrùn kan wà tó ń mú kí tòmátò rọ lójijì bí ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú sí. Kí àwọn àgbẹ̀ tó kó ọmọ tòmátò lọ sóko, wọn yóò ja ewé rẹ̀ wá kí àbúrò mi lè sọ bóyá àrùn náà wà níbẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni pé kòkòrò tó ń fa àrùn yìí ní ìkejì kan tó jọ ọ́ bí ẹni pé inú kan náà ni wọ́n ti wá, bẹ́ẹ̀ ìkejì yìí kì í pa nǹkan kan lára. Awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àfi kí a ka DNA wọn.

Bí àbúrò mi ṣe là á yé mi nìyí. Ó ní inú ohun abẹ̀mí kọ̀ọ̀kan ni a kọ irú ohun tó jẹ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin péré, A, T, C àti G, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ súà. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ níbi tó yẹ lè sọ bóyá kí àgbẹ̀ dáná sun gbogbo ohun tó hù tàbí kó máa kó o lọ sóko pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo bi í léèrè pé ta ló wá kọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kíkà ni iṣẹ́ tèmi. Ẹ lọ bi àwọn tó ń wàásù.”

Ṣùgbọ́n òun gan-an kọ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á. Ẹ̀rọ tó ń kà á, owó rẹ̀ tó kọ́ ilé. Wọ́n máa ń fi ohun tí wọ́n bá fà jáde lára ewé ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ náà ni, àwọn yẹn yóò sì fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń lò kógbá sílé láìdágbére, òjò sì ti fẹ́ dé.

Ọ̀gá wọn pè é. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ó sì kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

“Ìyá Olómi, ìwọ ni kó o bá wa wá ẹni tí yóò máa ka DNA fún wa. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé àwọn ìgbìmọ̀ ń wò ọ́. Mo ti sọ fún wọn pé ìwọ ni mo fẹ́ kó jókòó sórí àga yìí bí mo bá lọ sinmi. Bí o bá yàn dáadáa, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí o bá ṣì í yàn, ará ìta ni wọ́n máa gbé wá.”

“Ṣé èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí n mú, sà?”

“Èyí tí a lè san, tí a ó sì lè sùn lẹ́yìn tí a bá san án.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lókè òkun tí gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbà lórí ewé kan ṣoṣo tó ra gbogbo tòmátò tí àgbẹ̀ náà gbìn. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Irùngbọ̀n ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nígbà tó rí iye owó náà, ó ní, “Àwọn wọ̀nyí, ṣé wọ́n máa ka DNA yẹn ni àbí wọ́n máa kọ ọ́ lórin?”

Méjì ló wá kù tí apá wọn ká. Irùngbọ̀n náà ló sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan ni Alápótí Ewé, nítorí àpótí aláwọ̀ ewé tó ń dán tí wọ́n fi ń kó nǹkan. Èkejì ni Onípáálí, nítorí páálí ni tiwọn, páálí lásán tí wọ́n fi téèpù dì nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti Alápótí Ewé fi díẹ̀ rọ̀ ju ti Onípáálí lọ. Aṣojú wọn sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, bàtà rẹ̀ ń kọ mànà.

“Mọ̀mọ́ mi, ẹ gbàgbé wàhálà. Ẹ ṣáà fi ewé lé wa lọ́wọ́. Kí ẹ tó yíjú, lẹ́tà ti dé.”

Àbúrò mi ní, “Èmi kì í yára yíjú.”

Ó ní kí ilé-iṣẹ́ méjèèjì kọ́kọ́ bá òun ka díẹ̀ wò ná. Túùbù mẹ́ta mẹ́ta, ìgò ike kékeré bí ìka ọwọ́, ló dì fún wọn, ó fi yìnyín há wọn. Ohun tó wà nínú èkíní wá láti ara tòmátò tí òun fúnra rẹ̀ gbìn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tí ara rẹ̀ le. Ti èkejì wá láti ara èyí tó ní àrùn, tí wọ́n ti kà rí; méjèèjì ti wà nínú fíríìjì tipẹ́. Ẹ̀kẹta, omi rẹ̀ ni.

Irùngbọ̀n la ẹnu. “Omi? Ẹ fẹ́ kí wọ́n ka omi?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè rí òfo kí wọ́n sì pè é lófo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lè ṣe é.”

“Ẹ má wá kọ omi sí i lára nígbà náà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Túùbù tí a kò kọ nǹkan sí kì í jáde níbí.” Ó kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọmọ tó ń kọrin níwájú àwọn òbí rẹ̀.

Ti Alápótí Ewé ló kọ́kọ́ dé. Ó dára lójú. Wọ́n to lẹ́tà náà ní ìlà ìlà: èyí tí ara rẹ̀ le, ara rẹ̀ le, èyí tó ní àrùn, ó ní àrùn, omi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Irùngbọ̀n pàtẹ́wọ́.

Ti Onípáálí pẹ́ kó tó dé, ó sì jọ iṣẹ́ ẹni tí kò mọ ọjà á polówó. Yàtọ̀ sí lẹ́tà, wọ́n fi àwòrán sí i, òkè kékeré kọ̀ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ti fi irú rẹ̀ hàn mí rí. Bí òkè bá ga tó sì dá dúró, lẹ́tà náà dájú. Bí àwọn òkè bá gun ara wọn, ẹni tó ń kà á ń méfò ni. Níbi tí wọ́n ti gun ara wọn, àwọn Onípáálí kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ẹ má gbára lé ibí yìí. Lórí túùbù méjì àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n rí kò yàtọ̀ sí ti Alápótí Ewé. Lórí ẹ̀kẹta, ohun tí wọ́n kọ nìyí: “A rí kòkòrò àrùn tòmátò nínú omi yín. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí.”

Irùngbọ̀n sọ fún mi pé ojú àbúrò mi korò. Ó gbé fóònù. Ọmọbìnrin kan ló gbé e níbẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà.

“Ta ló fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin kan omi mi lọ́dọ̀ yín?”

“Ẹ máà bínú, mà. Omi tiwa náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín nínú ẹ̀rọ. Tiwa mọ́.”

“Ìwọ ń sọ fún mi pé omi yín mọ́ ju tèmi lọ?”

Ọmọbìnrin náà dáhùn. “Mà, ohun tí ẹ̀rọ sọ ni mò ń sọ. Ká ní kí inú yín dùn ni mò ń wá ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ti kọ.”

Àbúrò mi pa fóònù.

Irùngbọ̀n ní, “Ó parí. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ ni àwọn yìí, ẹ̀gbin tiwọn ni wọ́n fẹ́ gbé lé wa lórí. Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sí ti Alápótí Ewé, Ìyá Olómi, ká máa lọ sílé.”

Báírò ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ká ní ó fi kọ ọ́ ni, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Owó wọn kéré, iṣẹ́ wọn yá, ohun tí wọ́n kọ sì bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kì í fọwọ́ sí ohun tí kò tíì tú wò. Ó pe aṣojú Alápótí Ewé, ó ní kó fi àwòrán òkè ti túùbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́. Ti méjì dé. Ó tún pè é.

“Ti omi ńkọ́?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Mọ̀mọ́ mi, òkè wo? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ omi sí i lára. Kí ni kí wọ́n gbé omi sẹ́rọ fún? A bá yín dín ìnáwó kù ni.”

“Ṣé pé ẹ ò kà á rárá?”

“Mọ̀mọ́, ta ló ń ka omi?”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wá yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó sọ pé omi rẹ̀ mọ́ kò wo omi náà. Ẹni tó wò ó ní kò mọ́. Ó kù kí òun alára wò ó.

Wọn kò ní ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tó lè sọ bóyá DNA kòkòrò náà wà nínú nǹkan tàbí kò sí: yóò sọ ọ́ di púpọ̀, bó bá sì wà, yóò tàn bí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan. Ó ṣí ìgò omi tuntun. Ó bu díẹ̀ níbẹ̀, ó tún bu díẹ̀ nínú ìgò tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, ó sì gbé méjèèjì sínú ẹ̀rọ náà. Nígbà tó tó àkókò tó pa iná yàrá, tí òun àti Irùngbọ̀n tẹ orí ba, ojú ibi tí omi tuntun wà ṣókùnkùn. Lójú ibi tí omi ìgò àtijọ́ wà, ìlà kan dúró níbẹ̀, tínínrín bí òwú ìránṣọ.

Irùngbọ̀n tan iná, ó tún pa á, ó sì tún tẹ orí ba.

Àbúrò mi jókòó. Nígbà tó yá, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n fi ń fa omi, tí wọ́n máa ń fi ẹnu ike há lórí. Bí wọ́n bá ti lo ẹnu ike náà lẹ́ẹ̀kan, dída nù ni. Ẹnu ike yìí wọ́n. Àbúrò mi ló wá dá a sílẹ̀ pé bó bá jẹ́ omi ni wọ́n fẹ́ bù sínú túùbù, kí wọ́n máa fi ẹnu kan ṣe gbogbo rẹ̀ tán: omi ló ń lọ, kò sí ohun tó ń bọ̀. Gbogbo wọn ló yìn ín pé ó mọ nǹkan í ṣọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí a kò mọ̀, ẹnu ike náà ti kan ohun tó wà nínú túùbù kan, ó sì ti padà sínú ìgò.

“Ẹ jẹ́ ká da omi yẹn nù,” ni Irùngbọ̀n wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ẹ mú Onípáálí, wọ́n tọ́ sí i. Ẹ kàn sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ pé àwòrán òkè wọn ló wù yín. Irọ́ kọ́ nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ àbúrò mi wá bá mi nílé. Mo ń ká aṣọ lórí okùn. Ó bá mi ká a, ó ń mú etí aṣọ pọ̀ mọ́ra bí ẹni tó ń ṣe é fún ìdánwò. Ó wá rò fún mi, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo ní, “Bí o bá dákẹ́, ṣé Onípáálí kọ́ ni wọn yóò mú?”

“Àwọn ni.”

“Ìwọ náà yóò sì gba àga.”

“Bóyá.”

“Kí ló wá kù?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọn á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé àwọn Onípáálí dára. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Wọ́n rí ẹ̀gbin mi, wọ́n sì sọ ọ́ lójú mi. Bí mo bá yọ ìyẹn kúrò, mi ò ní ẹ̀rí kankan.” Ó gbé aṣọ lé ara wọn. “Àwọn àgbẹ̀ tún wà tí mo fi omi yẹn yẹ ewé wọn wò. Mo ti ní kí àwọn kan dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ pé omi mi ni mo rí, tí kì í ṣe ewé wọn ńkọ́?”

Mi ò fún un nímọ̀ràn. Kò wá gba ìmọ̀ràn.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo tẹ̀lé e lọ, mo sì dúró sábẹ́ fèrèsé, níbi tí wọ́n to ọkọ̀ sí. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò ga, kò wálẹ̀. Ó ní Onípáálí ni òun yàn, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ omi. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹnu ike, àti pé òun lòun dá a sílẹ̀, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Onípáálí ka ti àwọn àgbẹ̀ tí òun dá dúró kí ohunkóhun mìíràn tó ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin kan ní, “Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tí omi rẹ̀ dọ̀tí ni wọ́n ní ká fi jọ̀gá?”

Mo di irin fèrèsé mú.

Àbúrò mi ní, “Sà, bó bá jẹ́ ẹni tí omi rẹ̀ kò dọ̀tí rí lẹ ń wá, ẹ má mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ bi onítọ̀hún pé ta ló bá a wo omi náà.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kó bọ́ síta.

A jọ dúró. Nígbà tí Ọ̀gá jáde, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀, mi ò sì lè ka ojú náà.

“Wọ́n fọwọ́ sí Onípáálí.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Wọ́n fọwọ́ sí títún ewé àwọn àgbẹ̀ kà.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Ti àga, wọ́n jà. Wọ́n jà gan-an. Alága, ìyá àgbàlagbà yẹn, ló fúnra rẹ̀ parí rẹ̀. Ìyá náà ní látìgbà tí òun ti ń jókòó nínú yàrá yẹn, kò sí ẹni tó tíì wọlé wá sọ ohun tí kò sunwọ̀n nípa ara rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í.” Ó fi gíláàsì sójú. “Ìwọ ni, Ìyá Olómi.”

Nínú àwọn àgbẹ̀ tó dá dúró, ewé púpọ̀ ní àrùn lóòótọ́. Ti bàbá àgbàlagbà kan kò ní. Àbúrò mi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé bàbá náà, ó sì tọrọ àforíjì níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá náà ní, “Kò burú, ìyá. Ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn mú ká gbé e.” Wọ́n jọ gbé ọmọ tòmátò náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lọ sóko.

Ó tún pe ọmọbìnrin Onípáálí. Ó ní, “Omi mi ló dọ̀tí.”

“Mo mọ̀, mà,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Ẹ kú iṣẹ́.”

Nígbà tó ti pẹ́ díẹ̀ lórí àga, mo lọ kí i. Àwọn ìgò omi ńlá ti kúrò nílẹ̀. Túùbù kéékèèké ló pín omi sí báyìí, ọ̀kan fún iṣẹ́ kan, bí ó bá kù díẹ̀ wọn yóò dà á nù, bí ó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán. Ẹnu ike pọ̀ nínú garawa ìdọ̀tí. Irùngbọ̀n kí mi, ó ní òun ti di ẹni tó ń fọwọ́ ju owó nù láràárọ̀, ó sì ní kò burú.

Inú mi dùn débi pé mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá kejì láti wọlé lọ gbá a mọ́ra.

Àbúrò mi, tí mo pọ̀n, tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, gbójú sókè láti ẹnu iṣẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn.”

Àwọn ọmọṣẹ́ ń wò wá, wọ́n ń wò bóyá àgbà yóò bínú. Mo bọ́ bàtà mi. Mo wọ ìbọ̀wọ́ náà, ìka kan tẹ̀lé òmíràn, mi ò kánjú, kí gbogbo wọn lè rí i.